Akẹ́kọ̀ọ́ Meme Rigzin Tó Wà ní Brasil

Ọkọ mi, Meme Rigzin, gbé fóònù síwájú, ó ń wàásù Búdà fún gbogbo ayé.

Nígbà ọ̀dọ́ rẹ̀, ọjọ́ méjìlá ló fi ń rin orí òkè oníyìnyín kó tó dé abúlé tó máa gbọ́ ọ.

Báyìí, ìdí ààrò wa ló jókòó sí, ọ̀rọ̀ rẹ̀ ti dé òkè òkun.

"Ìyàwó mi, wo akẹ́kọ̀ọ́ mi tó wà ní Brasil. Kì í sinmi ìbéèrè. Ìwọ ńkọ́? Láti ogójì ọdún, tí mo bá ti la ẹnu báyìí, o ti ń hanrun."

"Ẹ má bínú, Meme. Ẹ mu tíì yín."

Mo padà sídìí àwo tí mo ń fọ̀.

Fóònù rẹ̀ dún. Ó kà á sókè:

"Olùkọ́, ṣé ó yẹ kí ẹni tó ń wá ìmọ́lẹ̀ máa fọ ife tíì rẹ̀ fúnra rẹ̀?"

Ó ronú títí.

"Ìbéèrè ọlọ́gbọ́n nìyí. Ó yẹ bẹ́ẹ̀. Ìrẹ̀lẹ̀ ni ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀nà."

Ó dìde, ó fọ ife rẹ̀. Ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn látọjọ́ tá a ti fẹ́ra.

Mo rọra ti fóònù tèmi bọ abẹ́ aṣọ.

Lọ́la, Brasil máa béèrè ẹni tó yẹ kó máa ṣa ìgbẹ́ màlúù tá a fi ń dáná.