Ojú Ewé Tí Kò Ní Jẹ́ Kí Ẹnikẹ́ni Ṣìnà

Ọmọbìnrin bàbá akọpátákó gbé kọ̀ǹpútà síwájú rẹ̀, ó ní kí ó wo wẹ́búsáìtì tí òun ṣe fún àpérò ẹgbẹ́ wọn, kí ó wá ọjọ́ àti ibi tí wọ́n ti máa ṣe é. Bàbá wọ awò ojú rẹ̀. Ó ń fi ìka tọ ojú ẹ̀rọ náà bí ẹni tó ń ṣa òkúta nínú ìrẹsì.

“Àwòrán ń sáré,” ó ní. “Mo ti rí èèyàn mẹ́fà tó ń rẹ́rìn-ín. N ò tíì rí ọjọ́, n ò tíì rí ibi.”

“Ẹ fà á lọ sísàlẹ̀, Bàbá.”

“Ta ló máa sọ fún àwọn tó kù pé kí wọ́n fà á lọ sísàlẹ̀? Ṣé o máa tẹ̀ lé wọn délé ni?”

Ọmọ náà fa kọ̀ǹpútà sọ́dọ̀ ara rẹ̀. Ó yọ àwọn tó ń rẹ́rìn-ín kúrò, ó gbé ọjọ́, aago àti orúkọ gbọ̀ngàn sókè pátápátá, ní lẹ́tà tó tóbi tó àtàǹpàkò.

Ọgbọ̀n ọdún ni bàbá fi kọ pátákó kó tó mọ ìwé kà. Oníbàárà á mú bébà wá, òun á ya ohun tó bá rí níbẹ̀. Ó ti ya àbàwọ́n epo mọ́ orúkọ ilé ìtajà kan rí. Nígbà tí wọ́n bá a wí, ó ní ohun tó wà lórí bébà lòun yà. Ó ti lé lọ́gọ́ta ọdún kó tó fi orí kunkun kọ́ ara rẹ̀ ní ìwé. Láti ìgbà náà, kì í bi ẹnikẹ́ni léèrè ohun tí wọ́n bá ti kọ sílẹ̀.

Ẹgbẹ́ àwọn akọpátákó ló ni àpérò náà. Alága fẹ́ kí wọ́n kọ lẹ́tà sí ọ̀ọ́dúnrún ọmọ ẹgbẹ́ bí wọ́n ti máa ń ṣe. Bàbá ló dìde nípàdé pé kí wọ́n gbé iṣẹ́ náà fún ọmọ òun.

“Bí àwọn èèyàn bá ṣìnà ńkọ́?” alága bi í.

“Bí ẹyọ ẹnì kan bá ṣìnà, màá ṣí fìlà níwájú gbogbo yín, màá tọrọ àforíjì. Ọmọ mi ò sì ní fọwọ́ kan iṣẹ́ ẹgbẹ́ yìí mọ́.”

“Ẹ̀yin, àforíjì?” akọ̀wé ní. “Ẹ jẹ́ kí n kọ ọ́ sílẹ̀ kíá.”

Ó kọ ọ́ sínú ìwé ìpàdé.

Nígbà tí ojú ewé náà tẹ́ bàbá lọ́rùn, ó ní kí ọmọ tẹ̀ ẹ́ sórí bébà fún òun.

“Ó wà lórí fóònù yín, Bàbá.”

“Fóònù máa ń kú. Bébà kì í kú.”

Ó ká a sí mẹ́rin, ó fi í sápò àyà. Ní àràárọ̀, á yọ ọ́, á kà á láti òkè dé ìsàlẹ̀, á dá a padà.

Nígbà tó ku ọjọ́ méjì, ọmọ pè é.

“Bàbá, ṣé ẹ ti wo ojú ewé náà lónìí?”

“Mo wò ó kí n tó fọ ẹnu.”

“Ó yé yín dáadáa?”

“Kò sí ohun tó ṣókùnkùn níbẹ̀. Ìwọ náà ti ń gbọ́n.”

Ọmọ rẹ́rìn-ín. “Ṣé kí n wá fi ọkọ̀ gbé yín lọ́jọ́ náà?”

“Bí o bá fi ọkọ̀ gbé mi, báwo la ṣe máa mọ̀ bóyá iṣẹ́ rẹ dáa? Èmi fúnra mi ni màá dán an wò.”

Lọ́jọ́ àpérò, ó fi fóònù sílẹ̀ lórí tábìlì. Ẹni tó mọ ibi tó ń lọ kì í gbé ariwo dání. Aago mẹ́jọ ààbọ̀ ló dé gbọ̀ngàn náà. Iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ ni pátákó ẹnu ọ̀nà ibẹ̀, ó sì dúró díẹ̀ kó wò ó. Nínú ilé, àkàbà kan dúró láàárín, korobá sìmẹ́ńtì wà nídìí rẹ̀. Obìnrin kan ń gbálẹ̀.

“Bàbá, ta lẹ ń wá?”

“Mo mọ̀wé, ìyá mi.”

“Mi ò ní ẹ ò mọ̀wé. Mo ní ta lẹ ń wá.”

“Àwọn tí mò ń retí ń bọ̀.”

Obìnrin náà gbálẹ̀ yí ẹsẹ̀ rẹ̀ ká, ó sì lọ.

Bàbá gbé àga kan kalẹ̀, ó jókòó síwájú. Aago mẹ́sàn-án lù, kò sẹ́nì kan. Ó di mẹ́wàá, kò sẹ́nì kan. Ó yọ bébà rẹ̀. Ọjọ́ pé, aago pé, orúkọ gbọ̀ngàn bá ti pátákó mu. Ó rántí àwọn mẹ́fà tó ń rẹ́rìn-ín. Bóyá àwọn yẹn ni wọn ì bá fi sílẹ̀.

Ó yí bébà náà sẹ́yìn, ó rọra kọ̀wé síbẹ̀, lẹ́tà kan lẹ́yìn òmíràn: “Ẹ forí jì mí. Ẹni tí mo gbọ́kàn lé ló já wa kulẹ̀.”

Ọmọ rẹ̀ sáré wọlé, ó ń mí hẹlẹhẹlẹ.

“Jókòó,” bàbá ní. “N ò ní bá ọ wí. Mo ti kọ ohun tí màá sọ fún wọn.”

Ọmọ ka ẹ̀yìn bébà náà. Ó yí i síwájú, ó tún kà á, ó wo àjà òkè, ó wo bàbá rẹ̀. Lẹ́yìn náà, ó ká a sí mẹ́rin, ó dá a padà sápò àyà rẹ̀.

“Ẹ mú un dání, Bàbá,” ó ní. “Ẹ máa nílò rẹ̀ bó ṣe wà yẹn.”

Ní gbọ̀ngàn tó wà ní òdì kejì ìlú, ibi tí ojú ewé orí fóònù ti fi lẹ́tà pupa kéde láti ọjọ́ mẹ́ta sẹ́yìn pé àpérò ti ṣí lọ sí nítorí àjà gbọ̀ngàn àkọ́kọ́ tó já, ọ̀ọ́dúnrún ọmọ ẹgbẹ́ ó dín ẹnì kan ti jókòó láti aago mẹ́sàn-án, alága sì ti ṣí ìwé ìpàdé sílẹ̀ níwájú rẹ̀, ó ń dúró de ẹni tó kù.