Ohun Tó Wà Lábẹ́ Àga Bàbá Ògúndèyí

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń ra àga àlòkù, ẹ yẹ abẹ́ rẹ̀ wò dáadáa o!

Síkírù dojú àga tìmùtìmù tó rà lọ́wọ́ Bàbá Ògúndèyí ní Ìjẹ̀bú-Ifẹ̀ dé.

Ìjókòó rẹ̀ ti ń tẹ̀, ìyá ìyàwó rẹ̀ sì ń bọ̀ láti Ìmùṣin lónìí.

Ó ya aṣọ abẹ́ rẹ̀.

Ó fò sẹ́yìn.

Irin ọkọ́ méjì ló rí, ẹ̀wọ̀n kẹ̀kẹ́ dì wọ́n pọ̀, aṣọ pupa wé wọn.

“Aúsùbílláhì! Ràmọ́tà, oògùn rèé!”

Ìyàwó rẹ̀ yọjú. “Bàbá Hafeezah, ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń sá fún aláǹgbá! Ẹ pe ẹni tó tà á.”

Síkírù ò pe ẹnikẹ́ni. Ó fi igi yọ ọ́, ó ń ṣàdúà, ó lọ jù ú sí odò Yemoji.

Ó wá ran aṣọ tuntun bo àga.

Ìyá dé. Ìyá jókòó. Àga gbé wọn mì, ó ku gèlè àti ẹsẹ̀ méjèèjì lókè.

“Síkírù! Ṣé sàréè lo gbẹ́ dè mí ni?”

Ràmọ́tà fa fóònù yọ, ó pe Bàbá Ògúndèyí. “Bàbá, oògùn wo lẹ dì sábẹ́ àga?”

Bàbá bú sẹ́rìn-ín.

“Oògùn kẹ̀? Okùn abẹ́ rẹ̀ ló já tí mo fi irin ọkọ́ gbé e ró. Aṣọ pupa tí mo wé mọ́ ọn ni ò jẹ́ kó gún fóòmù. Ẹ ṣáà má yọ ọ́ o!”

Ràmọ́tà yíjú sí ọkọ rẹ̀. “Irin dà?”

Síkírù nàka sọ́nà odò.

Ràmọ́tà ní, “Ẹ jẹ́ ká fa Ìyá sókè ná. Èmi ò sọ̀rọ̀ mọ́ lónìí.”