Àdá Ọwọ́ Òkú

Lálẹ́ ọjọ́ tí ilé ẹjọ́ dá ọ̀gá sójà òyìnbó kan sílẹ̀ lórí àwọn àgbẹ̀ tó yìnbọn pa, àwọn tí kò mú nǹkan kan lọ́wọ́, Akínbọ̀dé alásè rẹ̀ gbọ́ ohun kan lójúde, bí ìgbà tí wọ́n ń wọ́ irin nílẹ̀.

"Ta nìyẹn?" ni òyìnbó bi í.

Akínbọ̀dé sún kúrò nídìí ilẹ̀kùn. Ìṣojú rẹ̀ ni wọ́n ṣe sin àwọn àgbẹ̀ náà, tí àwọn àgbà di àdá mọ́ òkú kọ̀ọ̀kan lọ́wọ́, pé kí wọ́n lọ gbẹ̀san ara wọn.

Irin dákẹ́. Wọ́n kan ilẹ̀kùn pẹ̀lẹ́.

"Ọ̀gá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má dáhùn."

Òyìnbó rẹ́rìn-ín. "Wọlé," ló wí.

Akínbọ̀dé dojú bolẹ̀. Ẹsẹ̀ eléèpẹ̀ sì ń kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ orí rẹ̀, ọ̀kan tẹ̀lé òmíràn, lọ sọ́dọ̀ ọ̀gá.