Ọ̀rá Ìpápánu Orí Ẹ̀rọ

Ọ̀gá Tseng fẹ́ràn ìyìn, ó sì kórìíra làálàá tó ń bí ìyìn. Òun ni ìjọba Taiwan gbé owó ìwádìí lé lọ́wọ́ ní ìlú Hsinchu, pé kó ṣe oríṣi ṣíìpù kan, ìyẹn ọpọlọ inú ẹ̀rọ, tí wọ́n ṣì ń rà lókè òkun. Nígbà tí àkọ́ṣe rẹ̀ bàjẹ́ lẹ́ẹ̀mẹta, ó ti yàrá ẹ̀rọ pa. Ó wá ń ra ti àwọn ará òkèèrè, ó ń tẹ orúkọ ara rẹ̀ sí i lára. Ẹ wo ojú líle!

Yeh Pi-hsia, obìnrin tó ń tọ́jú ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń ṣe ṣíìpù náà, bẹ̀ ẹ́ títí. “Ọ̀gá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ ká tún un gbìyànjú. Ó ti kù díẹ̀.”

“Ta ló bi ọ́ léèrè? Bó o bá fọhùn, ìjọba á ti ibí yìí pa, ogójì èèyàn á sì máa fi ọ́ gégùn-ún.”

Àyà Pi-hsia já. Ọdún méjì ló fi panu mọ́. Ṣùgbọ́n bí irọ́ bá lọ lógún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ ń bá a.

Ìyáàfin Lai wá láti ọ̀dọ̀ ìjọba láti yẹ iṣẹ́ wò. Tseng sáré ṣílẹ̀kùn, ó tan gbogbo iná. “Ẹ̀rọ wa yìí, mà, kò sinmi látọdún méjì!”

Ìyáàfin Lai ti fi ogún ọdún ṣiṣẹ́ nídìí irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀. Ó nawọ́ sókè, ó mú ọ̀rá ìpápánu aláwọ̀ ewé tí àwọn òṣìṣẹ́ Hsinchu máa ń gbé sórí ẹ̀rọ kó má baà ṣagídí, tí wọ́n sì ń pààrọ̀ kó tó bàjẹ́. Ó yẹ ọjọ́ ìbàjẹ́ tó wà lẹ́yìn rẹ̀ wò.

“Èyí ti lé lọ́dún kan tó ti bàjẹ́.”

“Ìpápánu lásán mà nìyẹn, mà!”

“Lásán kẹ̀? Òṣìṣẹ́ wo ní Hsinchu ló máa tan ẹ̀rọ láìpààrọ̀ rẹ̀? Ẹ̀rọ yìí ò ṣiṣẹ́ látìgbà yẹn!” Ó yíjú sí Pi-hsia. “Ọmọ mi, sọ ọ́ fún mi.”

Pi-hsia kúnlẹ̀. “Mà, a ò tan án látọdún méjì. Òkèèrè ni ọ̀gá ti ń ra ṣíìpù. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tìtorí ẹ̀ lé wa.”

“Ṣé ẹ̀yin lẹ purọ́ ni? Ẹ lọ ra ìpápánu tuntun, kẹ́ ẹ tan ẹ̀rọ yín.”

Ẹní da eérú leérú ń tọ̀: Tseng lọ sẹ́wọ̀n ọdún mẹ́jọ, orúkọ tó ń tẹ̀ kiri sì di ohun ìtìjú fáwọn ọmọ rẹ̀. Pi-hsia ló jókòó sípò rẹ̀. Nígbà tí iná aláwọ̀ ewé tàn lórí ẹ̀rọ pé iṣẹ́ ti ń lọ, ó mí kanlẹ̀, ó sì bú sẹ́kún ayọ̀.

Ẹ̀yin tí ìlú gbé iṣẹ́ lé lọ́wọ́, ẹ kọ́gbọ́n. Ẹni tó ṣe é tó bàjẹ́ kò jẹ̀bi, ó lè tún un ṣe. Ẹni tó ra iṣẹ́ ẹlòmíì tó pè é ní tirẹ̀ ló da ìlú rẹ̀. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ sì mọ òótọ́, ẹ tètè sọ ọ́. Ẹ̀rù tó bà yín yẹn, ẹlẹ́tàn ló ń fi ṣọlá.