Ẹni Tó Nílé Lórí Ẹ̀rọ Mẹ́ta

Ọ̀sán Sátidé ni Tiwátọ́pẹ́ wọ Iléṣà, ó sì ti pinnu pé kí oòrùn tó wọ̀, òun á ti padà sí Dàda Estate ní Òṣogbo. Iṣẹ́ ló gbé òun wá, kò sí ohun mìíràn. Ó tún un sọ fún ara rẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹta nínú ọkọ̀. Ìyá rẹ̀ máa pé àádọ́rin ọdún lóṣù tó ń bọ̀, wọ́n sì fẹ́ kó àwọn fọ́tò màmá jọ sínú ìwé kan. Marvellous, àbúrò rẹ̀ obìnrin tó wà ní Àkúrẹ́, ló máa to ìwé náà. Àwọn fọ́tò wà káàkiri orí kọ̀ǹpútà mẹ́ta nínú ṣọ́ọ̀bù tí Cecilia, ìyàwó ẹ̀gbọ́n rẹ̀, ti ń bá àwọn èèyàn tẹ ìwé. Tiwátọ́pẹ́ nìkan ló mọ kóòdù kọ nínú ẹbí.

Ọdún mẹ́fà ni kò ti dé ilé bàbá rẹ̀, níbi tí ṣọ́ọ̀bù náà wà. Nígbà tó fi oko obì sílẹ̀ lọ kọ́ṣẹ́ kọ̀ǹpútà, Ọdúntán ẹ̀gbọ́n rẹ̀ sọ fún un pé, “Tó o bá lọ, má retí pé ẹnikẹ́ni á fi àyè sílẹ̀ dè ẹ́.” Ọ̀rọ̀ náà dùn ún wọ eegun. Nígbà tí Ọdúntán gbéyàwó lọ́dún mẹ́rin sẹ́yìn, Tiwátọ́pẹ́ kò lọ. Kò sọ ọ́ fún ẹnikẹ́ni, ṣùgbọ́n ohun tó fẹ́ mọ̀ lọ́jọ́ Sátidé yìí ni bóyá àyè ṣì kù fún òun nílé bàbá òun.

Cecilia kúnlẹ̀ kí i lẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù, bó tilẹ̀ jẹ́ pé wọn kò rí ara wọn rí. Ó wo ojú rẹ̀, ó wo fọ́tò kan lára ògiri, ó rẹ́rìn-ín. Tiwátọ́pẹ́ ni nínú fọ́tò náà, ọmọ ọdún méjìlá, ó ru apẹ̀rẹ̀ obì, ó ń rẹ́rìn-ín sí ẹni tó ń ya fọ́tò. Èyí tó dúró lẹ́nu ọ̀nà kò rẹ́rìn-ín ní tiẹ̀.

“Ẹ káàbọ̀ o,” ni Cecilia wí. “Ẹ̀gbọ́n yín ṣì wà lóko, wọ́n ń bọ̀. Mo ti ṣí ẹ̀rọ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta kalẹ̀ fún yín. Ìbàdíàrán pè láti Àkúrẹ́ láàárọ̀, wọ́n ń kí yín.”

Tiwátọ́pẹ́ kò mọ ẹnì kankan tó ń jẹ́ Ìbàdíàrán. Oníbàárà ni yóò jẹ́, àwọn oníbàárà Iléṣà sì mọ èèyàn kí.

Ó jókòó sídìí ẹ̀rọ àkọ́kọ́. Gbogbo kọ̀ǹpútà ló ní fódà kan tó yà sọ́tọ̀ fún olúkúlùkù ẹni tó ń lò ó. Ilé ni àwọn oníkóòdù ń pè é, ibẹ̀ ni fọ́tò sì máa ń wà. Ètò tí Tiwátọ́pẹ́ kọ yóò wọ ilé náà, yóò kó fọ́tò jáde. Ó ti dán an wò ní Òṣogbo, kò kọsẹ̀ rárá. Ní Iléṣà, èsì tó fọ̀ kò ju ìlà kan lọ: kò sí fódà tó ń jẹ́ Tiwatope.

Ó mọ̀ pé ẹ̀rọ kì í bá èèyàn jà. Síbẹ̀ ó dùn ún. Ó pe Awwal, tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́, lórí fóònù, ó sì ka ìlà náà fún un.

“Wàláhì, ilé tìẹ lo kọ sínú kóòdù!” Ẹ̀rín ń pa Awwal. “Ṣé gbogbo ayé ló ń gbé Dàda Estate ni? Windows ń kó ilé àwọn èèyàn sábẹ́ Users lórí C. Mac ní Users, kò ní C. Linux ní tiẹ̀, abẹ́ home ló ń kó wọn sí. Má sọ ibi tílé wà fún ẹ̀rọ mọ́. Bi í, á sọ fún ẹ. Abéèrè kì í ṣìnà.”

Tiwátọ́pẹ́ pa ìlà náà rẹ́, ó kọ Path.home(), tó ń bi ẹ̀rọ níbi tílé wà, sípò rẹ̀. Windows dáhùn: C:\Users\Eyinfunjowo. Ó bọ́ sídìí Mac àlòkù tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀: /Users/eyinfunjowo. Ẹ̀kẹta ti gbó débi pé Windows wúwo jù fún un, àgùnbánirọ̀ kan ló bá wọn fi Linux sí i: /home/eyinfunjowo. Fọ́tò kún inú ilé mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Ó ń dà wọ́n sínú fíláàṣì, kò ṣí ẹyọ kan wò. Òun kọ́ ni yóò máa tú ẹrù olóhun.

Ta wá ni Ẹyínfúnjowó? Ó nílé lórí Windows, ó nílé lórí Mac, ó nílé lórí Linux, nígbà tí ọmọ tí wọ́n bí sínú agbo ilé kò ní ju ìṣó kan lára ògiri. Ó wu Tiwátọ́pẹ́ kó bèèrè, ṣùgbọ́n ẹ̀rọ ni Awwal ní kó máa bi léèrè, kò ní kó bi èèyàn.

Ìró odó ń wá láti ẹ̀yìnkùlé.

“Ìyàwó wa, ẹ má ṣe wàhálà o,” ni Tiwátọ́pẹ́ ké síta. “Mi ò ní pẹ́, mi ò sì ní jẹun.”

“Iyán Ẹyínfúnjowó ni, kò sí wàhálà ńbẹ̀,” Cecilia fèsì. “Màmá ní kò gbọdọ̀ ní kókó rárá. Ẹ jẹ́ kí n gún un dáadáa.”

Inú bí Tiwátọ́pẹ́ gan-an. Ìyá òun fúnra rẹ̀ ti mọ ẹni yìí débi kókó inú iyán! Ó yọ fíláàṣì, ó ti báàgì rẹ̀ pa. Ọkọ̀ Òṣogbo kò níí wọ́n ní gáréèjì lásìkò yìí. Yóò dágbére, yóò fi fọ́tò ránṣẹ́ sí Marvellous, ó parí.

Nígbà tó gbé báàgì kọ́ èjìká tó dé ẹnu ọ̀nà, Cecilia ti kúnlẹ̀ síbẹ̀, ó fi ọwọ́ méjèèjì gbé àwo iyán sí i, ó tún wo fọ́tò ara ògiri, ó ní, “Ẹyínfúnjowó, ẹ sọ báàgì kalẹ̀ kí ẹ jẹun, gbogbo ẹ̀rọ tí a bá rà, ẹ̀gbọ́n yín kì í jẹ́ kí n lò ó, àfi tí mo bá kọ́kọ́ fi àyè yín sílẹ̀ níbẹ̀.”