Kí Wọ́n Jókòó Sílé

Ní ọjọ́ Ìsinmi àkọ́kọ́ nínú oṣù, wọ́n gbé àpótí àdúrà sẹ́nu ọ̀nà ìjọ. Ẹni tó bá ní ẹ̀bẹ̀ á kọ ọ́ sórí bébà, kò ní fi orúkọ sí i, á sì jù ú sínú àpótí. Nígbà tí ìwàásù bá ń lọ, akọ̀wé ìjọ á dà á kọ lọ́kọ̀ọ̀kan sórí bébà mìíràn, kí ẹnikẹ́ni má baà dá ọwọ́ ẹnìkejì mọ̀. Bó bá di ẹ̀yìn ìsìn, kálukú á mú ọ̀kan, á fi ọjọ́ mọ́kànlélógún gbà á bí ẹni ń gba tara rẹ̀.

Obìnrin kan tó ń ṣàyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ nílé ìwòsàn kọ tiẹ̀: "Ipò olórí yàrá àyẹ̀wò ní ẹ̀ka tuntun." Ó ká a, ó nà án sí ọmọ rẹ̀ obìnrin, ọmọ ọdún mẹ́sàn-án, pé kó lọ jù ú sínú àpótí. Ọmọ náà pẹ́ kó tó dé.

"Ṣé èrò pọ̀ níbẹ̀ ni?"

"Rárá, mà."

Oníbèérè ni wọ́n ń pe ọmọ náà, torí ó lè bi ọ́ ní ìbéèrè títí ẹnu á fi rẹ̀ ọ́. Lẹ́nu ọjọ́ mẹ́ta yìí, kò bi ẹnikẹ́ni ní nǹkan kan.

Nígbà tó kan obìnrin náà láti mú bébà, èyí ló bọ́ sí i lọ́wọ́: "Ohun tí wọ́n ń wá yìí, kí wọ́n má rí i. Kí wọ́n jókòó sílé."

Ó gbé e lọ bá akọ̀wé, obìnrin àgbàlagbà kan. "Màmá, àdúrà ọ̀tá nìyí. Àwọn ta ni?"

"Màmá Oníbèérè, bí mo ṣe bá a ni mo ṣe dà á kọ. Ẹ ṣáà gbà á."

Ó gbà á. Aago márùn-ún ìdájí ló máa ń kúnlẹ̀ sí i. Lẹ́yìn náà á lọ aṣọ iṣẹ́, á gbé omi kaná, á di irun ọmọ. Ẹ̀bẹ̀ tirẹ̀ ló ń kù sínú ọkọ̀, oorun a sì máa gbé e lọ kó tó dé ìdajì.

Bàbá ọmọ náà ti bá tiẹ̀ lọ láti bí ọdún mẹ́fà. Ó dun obìnrin náà nígbà yẹn, ó dùn ún dé egungun. Ní báyìí, kò sí ohun tó ń dùn ún, kò sì sí ohun tó ń dùn mọ́ ọn. Níbi iṣẹ́, ìgò ẹ̀jẹ̀ kéékèèké ló ń tò níwájú rẹ̀ látàárọ̀. Nọ́ńbà ló wà lára wọn, kò sí orúkọ. Kì í bèèrè ẹni tó ni wọ́n.

Ìrìn wákàtí mẹ́rin ni ẹ̀ka tuntun. Yàrá kan ni wọ́n ń fún olórí níbẹ̀, wọn ò sì gba ọmọdé láàyè. Ọ̀dọ̀ ẹ̀gbọ́n obìnrin náà ni ọmọ yóò máa gbé, kí wọ́n máa rí ara wọn ní òpin ọ̀sẹ̀. Ní ọjọ́ mẹ́ta ṣáájú ọjọ́ àpótí, ibi tó ti ń ya irun fún ọmọ ló ti sọ ọ́ fún un.

"Màámi, ṣé wọ́n ti fún yín?"

"Wọn ò tíì fún mi."

"Ó dáa, mà."

Inú ìyá náà rọ̀ díẹ̀. Ó ní ọmọ òun ti ń gbọ́n.

Ní ọjọ́ kejì tó bẹ̀rẹ̀ àdúrà, ọmọ náà jí, ó dúró lẹ́nu ilẹ̀kùn, ó gbọ́ ohun tí ìyá rẹ̀ ń wí. Láti ọjọ́ náà, ó ń wá kúnlẹ̀ ti ìyá rẹ̀. Àmín rẹ̀ le ju ti àgbàlagbà lọ.

Ẹ̀gbọ́n obìnrin náà pè láàárọ̀ ọjọ́ kan. Ọmọ ló gbé fóònù. "Wọ́n ń wẹ̀, mà," ó wí. "Rárá, wọn ò tíì jẹun. Wọ́n ní ó ti rẹ àwọn." Ó gbé fóònù kalẹ̀, ó lọ wá bàtà rẹ̀.

Nígbà tó máa fi di ọjọ́ kẹwàá, obìnrin náà ti ń rí àwọn ọ̀tá ọ̀hún kedere: ọkùnrin mẹ́ta tí ikùn wọn ń ṣáájú wọn, tí wọ́n fẹ́ gba ilé mọ́ opó kan lọ́wọ́. Ó bínú sí wọn. Àsìkò yẹn nìkan láàárọ̀ ni nǹkan ń gbóná láyà rẹ̀. "Ohun tí wọ́n ń wá, kí wọ́n má rí i!" Ọmọ náà á ní, "Àmín."

Ọjọ́ kọkànlélógún ni ọ̀gá pè é.

"Ẹ má bínú. Ọkùnrin kan láti ẹ̀ka kejì ni wọ́n mú."

"Ó dáa, sà."

Ó padà sídìí iṣẹ́. Ìgò méjìlélógójì ló kù, ó sì ṣe gbogbo rẹ̀. Ó ń retí ẹkún, ẹkún ò wá. Nínú ọkọ̀ ló rántí pé àdúrà náà pé lónìí. Ó ní kí Ọlọ́run jọ̀ọ́, kí ọ̀kan ṣá gbà nínú méjèèjì.

Ọmọ náà ti gbé abọ́ sórí tábìlì nígbà tó wọlé.

"Wọn ò fún mi níṣẹ́ náà," ìyá wí.

Ọmọ náà wò ó. "Ṣé ẹ máa wà nílé lọ́jọ́ Ajé?"

"Ibo ni mo tún ń lọ?"

"Ẹ jẹ́ kí èmi gbàdúrà oúnjẹ."

Àwọn méjèèjì dijú, ọmọ náà pa ọwọ́ pọ̀, ó ní, "Bàbá wa ọ̀run, ẹ ṣeun, Màámi ò rí ohun tí wọ́n ń wá, wọ́n á jókòó sílé, ẹ sì ṣeun tó jẹ́ pé àwọn fúnra wọn ni ẹ jẹ́ kí wọ́n mú bébà mi."