Ẹ́ńjìnnì Tí Wọ́n Purọ́ Fún

Èéfín dúdú ń jáde nídìí tasí ọkọ mi, òórùn epo sì gba gbogbo ṣọ́ọ̀bù Ọ̀gá Kuo ní ìlú Keelung.

Mo fẹ̀yìn ti ògiri. Mi ò lè jókòó.

Ọ̀gá Kuo so ẹ̀rọ àyẹ̀wò mọ́ ọkọ̀. Ó wò ó, ó bú sẹ́rìn-ín.

"Bun-hiong, ṣé yìnyín lo kó sínú ọkọ̀ yìí ni? Sẹ́ńsọ̀ tó ń wọn ooru ń sọ pé omi ẹ́ńjìnnì ti di yìnyín, ooru sì fẹ́ pa wá níbí!"

"Ọ̀gá, ẹ yé fi mí ṣe yẹ̀yẹ́. Epo ló ń mu bí ọ̀mùtí," ni ọkọ mi fèsì.

"Ẹ́ńjìnnì ò jẹ̀bi. Wọ́n ní òtútù ń mú un, ó gbà gbọ́, ló bá ń da epo mu."

Ó tẹrí wo abẹ́ bọ́nẹ́ẹ̀tì.

"Wáyà sẹ́ńsọ̀ ti yọ. Ọwọ́ èèyàn ló fà á."

"Eku ni o!" Ọkọ mi ń rẹ́rìn-ín.

Ọ̀gá Kuo ki wáyà náà padà. Kò pẹ́, èéfín dá.

Ọkọ mi wọlé jókòó sáyè awakọ̀. "Ìyá Siok-hun, wọlé. Èrò ń dúró dè mí."

Mo di ilẹ̀kùn mú. Gíríìsì ṣì wà léèékánná mi.

"Ẹ má tíì lọ. Ilé ìwòsàn pè mí lọ́jọ́ Ajé. Mo sọ fún yín pé wọ́n ní ara yín le. Irọ́ ni. Wọ́n ní ọkàn yín lè dá iṣẹ́ sílẹ̀ lójijì, ẹ ò gbọ́dọ̀ wakọ̀ mọ́."

Ó ń wò mí.

"Èmi ni mo fa wáyà yẹn yọ; òun nìkan lọ́wọ́ mi tó. Mo rò pé ọkọ̀ ò ní lè rìn."

Ó pa ẹ́ńjìnnì.